Àtàǹpàkò Mi Lọ́jọ́ Ìbò

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ ìbò, kí àwọn ará ilé wa tó bá mi fi ata àti iyọ̀ sí i.

Onídìrí ni mí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Iwájú ilé tí mo ń gbé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo òṣèlú ládùúgbò wa, ẹ má wulẹ̀ wò yíká, èmi ni! Kò sí oníbàárà tó jókòó sórí àga mi tí kò ní gbọ́ nípa ẹgbẹ́ wa kó tó dìde. Orí rẹ̀ ṣáà wà lọ́wọ́ mi, ibo ló fẹ́ sá gbà?

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dá mi lóhùn: Ìyá Mùtíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹnu kọ́ o! Ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, àwa méjèèjì bá ṣe àdéhùn. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi ní ibùdó ìdìbò àdúgbò wa ni yóò máa kó gọ́tà iwájú ilé títí ọdún yóò fi parí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gọ́tà wa, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Bàbá onílé ṣe ẹlẹ́rìí. Ìyá Mùtíù ní bí àwọn bá pàdánù, ọmọ àwọn yóò máa ti Ìgándò wá kó o.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó máa pọ̀n wọ́n dé ibùdó ìdìbò, torí pé orúnkún ò ní káàdì ìdìbò. Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹnu mi ò ní géètì.

Ilẹ̀ ọjọ́ ìbò mọ́, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn. Mo ti wẹ̀ láti aago mẹ́fà, káàdì mi ti wà nínú pọ́ọ̀sì. Mo ń kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò pé kí wọ́n jáde, pé ẹni tó bá jókòó sílé ti ta ọjọ́ ọ̀la ọmọ rẹ̀. Èmi náà ti fẹ́ máa lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni àwọn obìnrin àdúgbò máa ń ráyè dirun? Ọjọ́ tí kò sí ibi tí wọ́n lè lọ ni! Kí n tó pẹ̀yìn dà, àwọn mẹ́ta ti jókòó dè mí. Ṣé kí n wá lé iṣẹ́ ni? Mo ní aago méjì ààbọ̀ ni ìdìbò máa parí, àyè ṣì wà.

Ṣadé tá a jọ ń gbé ilé wà lára wọn, ọmọ ẹgbẹ́ wa lòun náà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó fò dìde lórí àga, ó ní òun ń lọ dìbò. Mo ní pẹ̀lú orí báyìí? Apá kan ti di, apá kejì dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀.

Ó ní, "Aunty Bísí, ṣé orí ni wọ́n fi ń dìbò ni?"

Ó lọ bẹ́ẹ̀, ó dìbò, ó padà wá jókòó. Èmi ò tiẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ni mo gbájú mọ́.

Ìgbà tí mo máa wo aago, ó ti kọjá! Mo sáré débẹ̀ tòun ti ìyarun lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kò sí àyè mọ́, wọ́n ti ń ka ìbò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Mùtíù lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀pá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti débẹ̀! Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, mo dúpẹ́. Mo yọ́ kẹ́lẹ́ padà sílé.

Ojú tì mí, ká má parọ́. Mo bá ṣí dáì dúdú tí mo fi ń pa ewú fún àwọn àgbà, mo tọ́ díẹ̀ sí èékánná àtàǹpàkò mi. Háà! Íńkì ìdìbò gan-an!

Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, ẹgbẹ́ méjèèjì ta ọ̀mì. Iye kan náà! Gbogbo ìbò náà pa pọ̀ ò sì tó àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù lójú títì wa lọ́jọ́ yẹn.

Ta ló máa wá kó gọ́tà? Bàbá onílé ní kò le rárá, kí gbogbo ará ilé na ìka tí wọ́n fi íńkì sí. Ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú ilé bá kọ̀ tí kò dìbò ló pàdánù, torí ìbò kan péré ni ì bá là wá. Ta ló kọ́kọ́ pariwo pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí? Èmi náà ni! Mo na àtàǹpàkò mi sókè fíofío.

Ìyá Mùtíù na ìka tó kéré jù lọ. Ṣadé na ìka tó kéré jù lọ. Bàbá onílé wo tiwọn, wọ́n wo tèmi. Ìka kékeré ni wọ́n ń fi íńkì sí lọ́jọ́ náà! Àtàǹpàkò ni wọ́n fi sí nígbà tí mo dìbò gbẹ̀yìn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Ìyá Mùtíù fa ọwọ́ mi, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Bísí, dáì ni wọ́n fi tẹ̀ka tìẹ ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí Ìyá Mùtíù rọra sọ fún mi pé orúnkún tí kò ní káàdì yẹn náà ló gbé àwọn dé ibùdó ìdìbò. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gọ́tà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni mò ń gbé ṣọ́bìrì. Ìyá Mùtíù á gbé àga jáde, wọ́n á máa fi ọ̀pá júwe ibi tí mo fò fún mi. Dáì náà ò sì tètè lọ, àwọn oníbàárà ń yìn mí pé mo dìbò!

Ohun tí mo kọ́ ni pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Èmi fi tèmi dirun. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti pariwo òṣèlú bíi tèmi, tí kò sì dìbò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo wà nínú gọ́tà yìí.