Ehoro Tó Mọ Ọ̀nà Àkúrẹ́

Ehoro tí mo rí nínú àgò ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Ajé, òun náà ni mo tún bá nínú àgò mìíràn ní ìlú Oǹdó ní ọjọ́ kejì. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Òun gan-an ni. Ó ṣojú mi nígbà tí wọ́n fi oògùn aláwọ̀ elésè àlùkò kun ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni, ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo ń tẹ̀ lé dókítà ẹranko kan, obìnrin tí ìgbìmọ̀ kan rán láti yẹ àwọn ilé tí wọ́n ti ń dán oògùn ìbílẹ̀ wò lára ẹran kí ènìyàn tó mu ún. Ó ní láti wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ẹran náà. Èmi ní láti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ilé ti Àkúrẹ́ wà lẹ́yìn àdúgbò Ìsìkàn. Kí a tó kan ilẹ̀kùn ni òórùn ìtọ̀ ehoro ti wá pàdé wa níta, òórùn tó ń ta ènìyàn lójú bí àlùbọ́sà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Dókítà kúnlẹ̀, ó gbé ehoro funfun kan, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Wáyà tó wà nísàlẹ̀ àgò ti jẹ ẹ́ dé ẹran. Ó mú ìgò oògùn jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fi kun ojú egbò náà.

Ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé, “Ẹ fi pákó bo wáyà yìí lónìí. Bí ẹ bá rò pé kò dun ẹsẹ̀, ẹ bọ́ bàtà yín kí ẹ dúró lé e.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò bọ́ bàtà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a gba ọ̀nà Oǹdó. Nítòsí Ọ̀wẹ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀ sáré kọjá wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wa sínú gọ́tà. Òórùn àná yẹn gba ojú fèrèsé wọlé. Dírẹ́bà wa ní, “Àbí ẹran tí wọ́n jí ló kó ni? Ẹni tó ń sá báyìí, nǹkan ń lé e.” Èmi rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín; ó kàn gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè.

Ìwọ náà mọ̀ bí a ti í ṣe nígbà tí olùbẹ̀wò bá ń bọ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá wo yàrá sáyẹ́ǹsì wa ni maikirosíkóòpù dé láti ilé ìwé kejì, ó sì padà kí a tó jẹun ọ̀sán. A pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó ń bọ̀, a juwọ́ sí i nígbà tó ń lọ. Ìgbìmọ̀ náà ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ síwájú pé àwọn ń bọ̀. Kò wá sí ọkàn mi pé ènìyàn lè yá ohun tó ń mí.

Ilé ti Oǹdó mọ́ tónítóní. Wọ́n ti kun ògiri, pákó wà nínú àgò, omi wà nínú ìgò. Ọ̀gá ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú wa, bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹran sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò. Ní àgò kẹta ni Dókítà dúró. Mo wo ibi tó ń wò. Ẹsẹ̀ òsì, elésè àlùkò.

Ó bi ọ̀gá pé, “Ta ló kun ẹsẹ̀ eléyìí?”

“Àwa ni, Màdáámù. A kì í fi ìtọ́jú wọn ṣeré.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà kun ọ̀kan báyìí lánàá, ní Àkúrẹ́.”

Ẹ̀rín ọ̀gá kò kúrò lójú rẹ̀, ó kàn gan síbẹ̀. Dókítà bi í pé níbo ni ẹran tiwọn wà. Ó ní wọ́n ti tà wọ́n. Nígbà náà ni Dókítà yíjú sí bàbá náà.

“Bàbá, ṣé òótọ́ ni?”

Bàbá wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan irin ń dún nínú àpò rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Oòrùn ti ga, páànù orí ilé ti ń ta.

Ó ní, “Dókítà, ẹ má bi mí. Ẹ bi kọ́kọ́rọ́.” Ó sì nà án sí i.

Yàrá kan ni lẹ́yìn ilé, wọ́n ti kan ọ̀rá dúdú mọ́ fèrèsé rẹ̀ kí òórùn má baà jáde. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ooru ló kọ́kọ́ jáde. Mo retí ariwo, kò sí. Àgò wà lórí àgò dé òkè àjà, ehoro àti èkúté funfun, àwọn kan ń mí kíákíá, àwọn kan kò mí mọ́. Ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́ tipẹ́, bàbá ló ń fi garawa pọn omi fún wọn láti inú kànga; ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ọ̀gá ti ní kó tì wọ́n mọ́bẹ̀, kó má sì ṣí i títí àwọn àlejò yóò fi lọ. Mo mú ìwé mi jáde. Dókítà gbà á lọ́wọ́ mi. “Omi ná! Ẹ óò kọ ọ́ tó bá yá.” Èmi àti bàbá ń sáré lọ sáré bọ̀ láti ìdí kànga. Àwọn èkúté ń mu omi, ìró rẹ̀ dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé gbígbẹ.

Nídìí kànga ni mo ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ ehoro ẹlẹ́sẹ̀ elésè àlùkò. Ó gbé garawa kalẹ̀. “Èyíun? Ó mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ ju dírẹ́bà yín lọ. Gbogbo ìgbà tí àlejò bá ń bọ̀ ló ń wá kí wa.”

Ní ọdún tó ṣáájú ọ̀gá náà ti pè mí wá, mo wo àgò wọ̀nyẹn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa pé kò sí ilé ẹran tó mọ́ tó ti Oǹdó. Bóyá ehoro yẹn ti wò mí lójú lọ́jọ́ náà. Bóyá yàrá ẹ̀yìn náà kún nígbà tí mo ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé fún mi. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá mú mi wọ ibi tó mọ́ jù, mo máa ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.

Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ ti Oǹdó má gba ẹran wọlé mọ́ títí omi yóò fi dé àti títí atẹ́gùn yóò fi máa wọ yàrá náà. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá, àwọn kò sì ní kọ lẹ́tà mọ́. Ilé iṣẹ́ náà ní kí bàbá lọ jókòó sílé títí ìwádìí yóò fi parí. Mo pe akọ̀wé ìgbìmọ̀, mo bi í pé ta ni yóò wá máa pọn omi fún àwọn tó kù.

Ó ní, “A ti gbọ́, akọ̀ròyìn. A máa jókòó ìpàdé lé ọ̀rọ̀ náà lórí.”