Ọ̀wẹ̀ Tí Ìyá Mi Bẹ̀ ní Runjin Sambo

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta aṣọ ní Gawon Nama, ní ìlú Sokoto. Ẹsẹ̀ mi ń wú, ẹ̀yìn ń dùn mí, bí mo bá sì ti ṣọ́ọ̀bù dé ilé mi ní Runjin Sambo, n kì í fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo lọ mú ìyá mi wá láti ìlú wa, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. N kò fẹ́ kí wọ́n máa dá gbé. Wọ́n ní àwọn á wò ó di ìparí òjò; bí àwọn bá rí èèyàn bá gbé, àwọn á dúró. Mo ní, "Ìyá, èèyàn kún Sokoto."

Láàárín òjò yẹn ni ògiri ọgbà wa wó. Ògiri alámọ̀ ni. Mo ní n ó wá lébìrà lọ́jọ́ Sátidé.

"Lébìrà kẹ̀? Ṣé o ò léèyàn ni?"

Kí n tó mọ̀, ìyá mi ti lọ bá àwọn ará ìlú wa tó ń gbé Sokoto nípàdé wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ti bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Gbogbo ìpàdé ló dáhùn pé àwọn ń bọ̀.

Nílé lọ́hùn-ún, bí ẹnì kan bá bẹ ọ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í nídìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkọ́ ti ń dún nínú amọ̀, àwọn obìnrin ti ń pọn omi bọ̀ láti odò. Àwọn àgbà tí kò lágbára mọ́ á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa fi ẹni tí ògiri rẹ̀ bá wọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe mọ ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn, mi ò sì tíì rí ilé tó dára tó o.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ìyá mi se ẹ̀wà ìkòkò ńlá kan. Aago méje kọjá, kò sẹ́ni tó yọjú. Nígbà tó di mẹ́sàn-án, ẹnì kan nínú wọn pè mí lórí fóònù, ó ní kí n bá òun bẹ ìyá, ọjà kò jẹ́ kóun ráyè. Inú bí mi. Mo bú wọn tán pátápátá, aláìníláárí gbogbo! Ìyá mi ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n bọ́ sínú amọ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ pò ó. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú ẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Ibẹ̀ la wà tí bàbá Hausa tó ń gbé òdìkejì wa fi jáde, tàwọn ti ṣọ́bìrì lọ́wọ́. "Gayya ce?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ò bèèrè nǹkan mìíràn, wọ́n bá wa ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun Àílà, wọ́n jẹ ẹ̀wà, wọ́n lọ.

Ìyá mi bi mí pé kí ni bàbá yẹn sọ.

"Wọ́n ní ṣé ọ̀wẹ̀ ni. Àwọn Hausa náà ń ṣe é."

"Nígbà tí wọ́n ń ṣe tiwọn ńkọ́, o lọ?"

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni bàbá yìí tún ilé wọn mọ. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kọjá, màá kí wọn kú iṣẹ́ ní Hausa, "Sannu da aiki," màá bá tèmi lọ.

"Ó rẹ̀ mí nígbà yẹn ni, ìyá."

"Àwọn ará ìlú wa ńkọ́? Ilé ta lo dé rí nínú wọn?"

Mo ronú títí. Ìkómọ, mo fowó ránṣẹ́. Òkú, mo fowó ránṣẹ́. Ẹni tó pè mí láàárọ̀ yẹn gan-an, nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, orí fóònù ni mo ti kí i. Ojú tì mí.

Ìyá mi fọ amọ̀ ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù.

"Ọkọ mi, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ọ́. Mú mi lọ sí páàkì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí n máa lọ sílé."

"Ẹ má lọ, ìyá. Ṣebí èmi wà pẹ̀lú yín."

"Ìgbà wo?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá wọn gbé ẹrù wọn dé páàkì. Nígbà tí mọ́tò wọn gbéra, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.