Alágbàfọ̀ Ta-ló-rán-an àti Àwọn Oníbọ́ọ̀sì

Alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi, Ta-ló-rán-an là ń pè é. Bí o bá kí i, á kọ́kọ́ wò ọ́ látòkè délẹ̀ kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ tí mo bu omi tútù fún un nínú oòrùn, ohun tó bi mí ni pé, "Ta ló rán ẹ?" Òǹgbẹ tó ń gbẹ ẹ́ ló rán mi, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ lọ ṣòkòtò, ojú ìlà ibẹ̀ á mú bí abẹ. Èmi aránṣọ, tí mo bá rán aṣọ tán, òun ni mo máa ń gbé e fún.

Ìfura rẹ̀ nídìí. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn kan wá tẹ̀rín-tọ̀yàyà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kí i kú iṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri, ni katapílà bá dé. Látìgbà náà, ẹ̀rù pé wọ́n á tún lé òun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kó sinmi.

Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé dúró sí àdúgbò wa. Gbohùngbohùn orí rẹ̀ ń pariwo pé ojú ọjọ́ ti ń yí padà, pé ìlú dé ìlú làwọn ń lọ, kí kálukú dín èéfín kù, kó pa iná tí kò lò, kó yé dáná sun pàǹtí.

"Bùọ̀dá, wọ́n ní ìmọ̀ràn lásán ni," mo sọ fún Ta-ló-rán-an.

"Ìmọ̀ràn? Tí wọ́n fi gbé odidi bọ́ọ̀sì kiri? Àbúrò, páńsá ò fura, páńsá já síná. Ta ló ra epo sí i fún wọn?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ epo yẹn wọ̀ mí létí. Lóòótọ́, ta ló rà á? Ìgbà tí mo tún máa wòta, obìnrin onífìlà kan àti ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń béèrè ohun tí oníkálukú fi ń ṣiṣẹ́. Èmi náà sáré pa fáànù mi.

Garawa irin tí bùọ̀dá máa ń da èédú sí wà níta, lójú àwọn tó ń bọ̀. Ló bá da èédú inú áyọ́ọ̀nù sínú korobá oníke, ó bu eérú bò ó, ó tì í sábẹ́ tábìlì, ó sì ti ilẹ̀kùn pa. Alágbàfọ̀ wo ni kò mọ̀ pé eérú kì í paná, pé ṣe ló ń tọ́jú rẹ̀? Ẹ̀rù ló mú kó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, bàbá," obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀. "Kí lẹ fi ń lọ aṣọ?"

"Èmi kì í lọ aṣọ. Fífọ̀ nìkan ni mo ń fọ̀. Ta ló rán yín?"

"Ìyẹn náà dáa, sà. Aṣọ tí wọ́n fọwọ́ fọ̀, tí wọ́n sá sóòrùn, la fẹ́ fi han àwọn ará ibòmíì. Ṣé a lè wo inú?"

"Kọ́kọ́rọ́ ti sọnù."

Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tí èéfín fi yọ lókè ilẹ̀kùn.

"Bùọ̀dá, ṣọ́ọ̀bù yín ń jó!"

Ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. "Kò sí nǹkan kan! Eruku ni!"

Inú bí mi débi pé mo já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn. Oníkámẹ́rà kò ráyè ya fọ́tò. Òun àti onífìlà ló ń gbọ́n omi ìṣanṣọ sí iná náà títí ó fi kú. Iná jó obìnrin náà lọ́wọ́. Bùọ̀dá kàn dúró, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo olè.

Bọ́ọ̀sì lọ, kò sẹ́ni tó mú ọ̀dà pupa wá. Lánlọ́ọ̀dù ló wá. Ó wo àjà tó ti dúdú, ó ní òun ò ní í jẹ́ kí alágbàfọ̀ sun ilé òun, kí bùọ̀dá kó jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, orúnkún mi kanlẹ̀. Kò gbà.

Mo bá bùọ̀dá di ẹrù, omi ń bọ́ lójú mi. Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sórí ẹrù, ó yíjú sí mi.

"Ṣé o ti rí i báyìí? Mo sọ fún ẹ pé àwọn oníbọ́ọ̀sì yẹn máa lé mi."