Ìlà Ṣáàjì Lọ́nà Ilé

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Qiu Lanying ti ń rán bàtà nílé-iṣẹ́ kan ní ìlú Dongguan ní Ṣáínà. Gbogbo ìgbà tí ọdún bá dé, ìdúró ló máa ń wà nínú ọkọ̀ ojú irin títí dé ilé bàbá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Guizhou. Lọ́dún yìí, ó ní ìyà yẹn tó gẹ́ẹ́. Ó ra ọkọ̀ tó ń lo iná.

Ọdún ku ọ̀la, bátìrì ń tán lọ, ló bá yà síbi ìsinmi kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ̀rọ ṣáàjì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, méjì ti bàjẹ́, ọkọ̀ mọ́kànlélógójì sì wà níwájú rẹ̀. Kó tó tún rí òmíràn, àádóje kìlómítà ni. Wọ́n la ọ̀nà tó gùn tó báyìí, wọn ò rántí ohun tí ọkọ̀ máa jẹ! Ọkọ̀ elépo kan tún wá dí ẹ̀rọ kẹta, ẹni tó ni ín ń jẹ núdùsì.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí ni ọkọ̀ elépo ń wá nídìí iná?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù, ọdún la wà."

"Ṣé sùúrù ni kí n fi ṣáàjì ọkọ̀ ni?"

Wákàtí mẹ́ta kọjá. Lanying ti pa ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná kí bátìrì má baà kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di yìnyín. Bàbá rẹ̀ pè.

"Ibo lo dé?"

"Bàbá, mo ṣì wà lórí ìlà."



"Òkè méjì ni ìyá ẹ fẹsẹ̀ gùn wá sílé mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Oòrùn ò tíì wọ̀ tó fi dé."