Aṣọ Tí Màámi Hun fún Kọ̀ńpútà

Òórùn eruku gbígbóná ló gbé mi padà sí Muṣin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wà ní kíṣìnnì, mò ń po ògì fún ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn mi, nígbà tí òórùn náà yọ́ wọlé. Kì í ṣe òórùn nǹkan tó ń jóná o. Òórùn inú ẹ̀rọ ni, bíi ti fáànù tí wọn ò tàn láti ìgbà ọyẹ́, tí wọ́n wá tàn lójijì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí kọ̀ńpútà tí àkọ́bí mi, Mọ́rẹ́nikẹ́, fi ń gbá géèmù dákẹ́.

"Mọ́mì, ó ti tún kú."

Àbúrò ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Kò tilẹ̀ yíjú. "Mo ti ń sọ ọ́ fún ẹ, ìyàwó. Jẹ́ kí n máa gbé nǹkan yẹn lọ fún àwọn ọmọkùnrin mi. Kí lọmọbìnrin fẹ́ fi ṣe?"

Mo gbé ìkòkò ògì sọ̀ kalẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, nígbà tí èmi náà ò tíì ju Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ, mo sì mọ ibi tó parí sí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí ẹ ó gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Inú ilé kan tí yàrá dojú kọ yàrá là ń gbé ní Muṣin, láàárín àwọn ọdún 1990. Ọ̀rẹ́ mi Sìkírá àti àwọn òbí rẹ̀ wà ní òdìkejì kọ́ríídọ̀. Bàbá rẹ̀ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, wáyà iná kan náà la sì jọ ń lò. Bàámi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Nígbà tí wọ́n ra kọ̀ńpútà tuntun sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n fẹ́ da àwọn ògbólógbòó nù. Bàámi tọrọ ọ̀kan, ó sì rù ú wọlé bí ẹni ru ìdì igi. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, ojú rẹ̀ tó dà bíi tẹlifíṣàn kékeré sì jókòó lé e lórí. Géèmù kan ṣoṣo ló bá a wá. Ọkùnrin kúkúrú kan ń sáré, ó ń fo kòtò, ó ń ṣa wúrà. Sìkírá ló sọ ọ́ ní Làmídì, nítorí ó ń gbé ẹsẹ̀ bíi Làmídì oníbúrẹ́dì àdúgbò wa, tó máa ń sáré bí ẹni pé búrẹ́dì orí rẹ̀ ló ń lé e.

Ẹ ní láti mọ̀ pé nígbà yẹn, nǹkan iyì kì í jókòó níhòòhò nínú pálọ̀. Tẹlifíṣàn ní aṣọ, rédíò ní aṣọ, firíìjì ní aṣọ, kódà apá àga ní tirẹ̀. Màámi ló ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ hun gbogbo wọn, òwú funfun tó ní òdòdó aláwọ̀ ewé létí. Lọ́jọ́ tí kọ̀ńpútà dé, Bàámi ò tíì nu òógùn ojú rẹ̀ tán tí Màámi ti ń fi òwú wọn ìbàdí ẹ̀rọ. Aṣọ tó hun fún un rẹwà débi pé àwọn obìnrin ilé wá wò ó, kọ̀ńpútà gan-an ni wọn ò béèrè. Ó tún fi rọ́bà tẹ́ abẹ́ aṣọ náà kí eruku má bàa ráyè. Tí a bá fẹ́ gbá géèmù, a ó ká iwájú rẹ̀ sókè bí ẹni ká ìbòjú ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbọdọ̀ hàn.

"Àlejò lè wọlé nígbàkúgbà," Màámi á ní. "Ṣé kí wọ́n bá a níhòòhò?"

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn a ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á ké "tín", ojú rẹ̀ á là, á tún padé. Nígbà mìíràn á tàn dáadáa. Làmídì á sáré, á fo kòtò kìíní, á fo èkejì, ṣùgbọ́n bó bá ti fò sókè lórí ẹ̀kẹta, á dúró sójú òfuurufú, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn. Kò ní bọ́ sílẹ̀, kò sì ní lọ. Kò sí bọ́tìnnì tó lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí la ò ṣe tán? A gbá ẹ̀rọ létí bí gbogbo ayé ṣe ń gbá tẹlifíṣàn. A fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ihò tí dískẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí géèmù wà nínú rẹ̀, ń gbà wọlé. Màámi ta òróró àdúrà sí i lórí. Sìkírá náà ka Fátíhà sí i, ó ní kó má di pé ẹ̀sìn kan ló gbàdúrà, tí èkejì ò dá sí i.

Ibi tí Làmídì há sí lókè yẹn ni Bàbá Èbúté Mẹ́ta bá a lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ̀gbọ́n Bàámi ni, ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ọmọkùnrin nìkan ló sì bí. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo èmi.

"Ẹ gbé irú nǹkan yìí fún obìnrin, ẹ wá ń retí kó ṣiṣẹ́. Ọwọ́ obìnrin ló ń pa á." Ó kọjú sí Bàámi. "Tí mo bá dé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tó ṣì ń kú báyìí, màá gbé e lọ fún àwọn ọmọ mi."

Bàámi ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n." Kí ni yóò tún sọ? Ẹ̀gbọ́n yẹn ló rán an nílé ìwé.

Sìkírá ti ń dúró dè mí ní kọ́ríídọ̀, nítorí ògiri ilé wa ò mọ àṣírí pa mọ́. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó yí wọn padà, ó wò wọ́n.

"Ọwọ́ yìí? Ọwọ́ yìí ló ń gán bọ́tìnnì fún àwọn oníbàárà bàbá mi o. Kò sẹ́ni tó tíì dá ṣẹ́ẹ̀tì padà."

"Wọ́n máa gbé e lọ, Sìkírá."

"Wọn ò gbé nǹkan kan. Làmídì máa fo kòtò kẹta."

Láti ọjọ́ náà, a ò gbá géèmù mọ́, ẹ̀rọ là ń ṣọ́. Sìkírá ló kọ́kọ́ rí i pé kì í kọ̀ láti tàn láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń kọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe fẹ́ tẹ bọ́tìnnì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wo gílóòbù. Iná ti pọ́n bí epo. Ó fa imú, òórùn aṣọ tí wọ́n ń lọ̀ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù."

"Kí ló dé?"

"Làmídì fẹ́ jí."

Ọkùnrin náà ò béèrè Làmídì wo. Ó yọ ọ́. Iná funfun padà, mo tẹ bọ́tìnnì. Tín. Ojú ẹ̀rọ là, kò sì padé mọ́. Áyọ́ọ̀nù ló ti ń mu iná tó yẹ kí ẹ̀rọ fi dìde.

Ṣùgbọ́n Làmídì ṣì ń há sókè. Àárọ̀ Sátidé la tó rí ìdí rẹ̀, nítorí Sátidé ni Màámi máa ń fọ gbogbo aṣọ pálọ̀. Bí wọ́n ṣe wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé, tí kọ̀ńpútà jókòó láìwọṣọ, Làmídì fo kòtò kẹta. Ó fo ẹ̀kẹrin. Ó dé odò kan tí a ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. A ò lè pariwo, a kàn di ara wa mú. Lọ́sàn-án, aṣọ gbẹ, Màámi wọ̀ ọ́ fún ẹ̀rọ, a ò sì tíì jẹun tán tí Làmídì fi dúró sójú òfuurufú.

Sìkírá ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ lẹ́yìn ẹ̀rọ. "Fi ọwọ́ kàn án. Ibà ló ń ṣe é."

Mo fi ọwọ́ kàn án. Fáànù kékeré kan ń mí èémí gbígbóná sínú òwú Màámi, èémí náà ò sì ríbi gbà jáde.

Mo lọ bá Màámi níbi tó ti ń hun òmíràn. Ojú Màámi máa ń bà mí lẹ́rù ju pàṣán lọ, ṣùgbọ́n ọ̀la ni Àìkú.

"Mọ́mì, aṣọ yìí ló ń pa á."

Abẹ́rẹ́ dúró. "Aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi hun."

"Nígbà tí ibà mú mi, Màmá Àgbà ní kí ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò mí. Ẹ kọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ lára mi, ẹ fomi nù mí. Ẹ ní ara tó ń gbóná ń fẹ́ afẹ́fẹ́."

Ó dìde, ó ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ ẹ̀rọ, ó fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń fi í sí ọrùn wa tí ara wa ò bá yá. Lẹ́yìn náà ó tún etí aṣọ ṣe. "Lọ fọ abọ́," ló wí. Mo rò pé ó ti tán.

Bàbá Èbúté Mẹ́ta mú okùn wá lọ́jọ́ kejì. Okùn búlúù tuntun, tí yóò fi di ẹ̀rọ. Kò tíì jókòó tí Màámi fi jáde láti yàrá.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ fi hàn yín ná."

Ó di etí aṣọ mú, ó ṣí i kúrò lórí kọ̀ńpútà pátápátá, lójú àlejò, ó ká a, ó fi há abíyá. Màámi tí kì í jẹ́ kí apá àga wà láìláṣọ. Sìkírá ti sáré lọ bá bàbá rẹ̀; bàbá náà yọ áyọ́ọ̀nù, ó wá dúró lójú fèrèsé wa pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Tín. Làmídì gbéra. Kìíní, èkejì. Ó fò sókè lórí ẹ̀kẹta, Sìkírá, tó ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, di apá mi mú, Làmídì sì bọ́ sódìkejì, ó ń sáré lọ. Bàbá Èbúté Mẹ́ta tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹrin. Odò. A kọjá odò, a rí òkè kan, a gun òkè. Lójijì, ojú ẹ̀rọ ṣú.

Bàbá gbá itan. "Mo sọ ọ́. Ọwọ́ obìnrin."

Màámi gbójú sókè wo àjà. "Bàbá, fáànù náà ti dúró. Ṣé ọwọ́ obìnrin ló kàn án?"

Bàbá Sìkírá sọ láti ojú fèrèsé pé, "Rédíò tèmi náà kú. Ọkùnrin sì ni mí."

Wọ́n ti mú iná lọ. Bàámi bú sẹ́rìn-ín. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín báyìí níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ̀rín dá, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ yìí ló ni ín. Kò ní lọ."

Iná dé kí Bàbá tó jẹ ẹran abọ́ rẹ̀ tán. Mo tẹ bọ́tìnnì lójú rẹ̀. Tín. Ó gba omi ìṣanwọ́, ó sì lọ láìmú okùn. Okùn náà ni Màámi ta sẹ́yìnkùlé, òun ló sì ń sá aṣọ kọ̀ńpútà sí títí a fi kó kúrò níbẹ̀. Aṣọ náà, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì hun fèrèsé sí i, pẹ̀lú òdòdó yí i ká, kí ẹ̀rọ lè máa mí.

Ilé yẹn ti wó, ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn Sìkírá kó lọ nígbà tí a wọ sẹ́kọ́ńdírì, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n kó lọ títí di òní. Kò sẹ́ni tó ń wọṣọ fún tẹlifíṣàn mọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Èbúté Mẹ́ta ò tíì kú. Ó jókòó ní pálọ̀ mi, ó ń wo bọ́ọ̀lù, ojú mìíràn ló kàn gbé wọ̀.

Mo wọ yàrá lọ bá Mọ́rẹ́nikẹ́. Súwẹ́tà ilé ìwé rẹ̀ ló jù bo ẹ̀yìn kọ̀ńpútà.

"Fi ọwọ́ kàn án. Báwo lara ẹ̀ ṣe rí?"

"Ó gbóná."

"Kí la máa ń ṣe fún ọmọ tí ara ẹ̀ bá gbóná?"

Ó wo àbúrò rẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi. Ó na ọwọ́, ó mú súwẹ́tà kúrò. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ojú ihò rẹ̀, a sì ní sùúrù kó tutù.

"Ìyàwó, ṣé kí n máa gbé e lọ?" àbúrò ọkọ mi pè láti pálọ̀.

"Ẹ máa wo bọ́ọ̀lù yín, Bùrọ̀dá. Kò ní lọ."

Mọ́rẹ́nikẹ́ tẹ bọ́tìnnì, ojú ẹ̀rọ sì là. Kọ̀ńpútà ìsinsìnyí kì í ké nígbà tó bá ń jí. Èmi ni mo bá a ké e. Tín.