Fìlà Tí Ìyá Àgbà Ń Tú

Tí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi le, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ bàbá bàbá mi, Àlàájì Jàáfárù Lájídé, kì í jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n kékeré ló ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Maiduguri, ó sì ta aṣọ ní Monday Market títí ó fi fa ṣọ́ọ̀bù lé bàbá mi, Zainudeen, lọ́wọ́. Aṣọ títà yẹn, iṣẹ́ oúnjẹ ni. Ohun tó fẹ́ràn wà nílé wa lẹ́yìn Post Office.

Kí ni Bàbá Àgbà ò dánwò? Ó ń tún rédíò ṣe. Ìyẹn ni pé, ó máa ń tú u palẹ̀, á kó nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, tó bá dì í padà tán, nọ́ọ̀tì á ṣẹ́kù, rédíò náà ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ó sin ẹyẹlé, ó fi orúkọ àwọn ìbátan tí kì í pè é láti ilé sọ wọ́n. Láàárọ̀, ẹ ó máa gbọ́ tó ń bá ẹyẹlé jà: "Ọlákúnlé, ìwọ aláìmoore yìí, oúnjẹ nìkan lo mọ̀!" Nígbà kan, ó gbin igi obì. Obì! Ní Maiduguri níbí, nínú oòrùn tó ń yan èèyàn bíi súyà! Ó ṣí agboòrùn lé e lórí, ó ń bu omi sí i, ó sì ń bá a sọ Yorùbá kí àárò ilé má baà sọ ọ́. Igi náà kú. Bàbá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ gan-an ni, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà, Ràfíátù ìyàwó rẹ̀, a máa ní, "Bàbá Zainu, ọwọ́ yín yìí, ṣé kì í rẹ̀ ẹ́ ni?"

Bàbá á dáhùn pé, "Ìyá Zainu, ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́."

Nínú gbogbo rẹ̀, fìlà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Fìlà zanna ni, èyí funfun tí àwọn Kànúrí ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sí lára yíká, ìlà lórí ìlà. Ẹyọ kan lè gba oṣù mélòó kan. Málàm Modu, aládùúgbò wa, ló kọ́ ọ. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí ni Yorùbá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ Kànúrí ṣe. Nígbà tó yá, Málàm Modu fúnra rẹ̀ ń gbé fìlà Bàbá fi han àlejò: "Kai! Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́!" Bàbá wá sọ ọ́ di òfin ilé: kò sí ọmọkùnrin wa tó gbọ́dọ̀ jókòó níwájú àwọn aáfà lọ́jọ́ yìgì rẹ̀ láìdé fìlà tí òun ṣe. Bàbá mi dé e. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi dé e. Ó wá kan èmi Jamaldeen.

Àsìkò yẹn gan-an ni ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da tíì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó ní iṣan ojú ló ń kú, pé oògùn lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Mo bínú sí dókítà ọ̀hún. Kí lẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Mo kàn ń wá ẹni tí màá bínú sí ni.

Bàbá pa rédíò tì. Ó kó ẹyẹlé fún àwọn ọmọ Málàm Modu. Fìlà mi nìkan ló dì mú. "Jamaldeen, àfi kí n fi ọwọ́ ara mi dé e lé ọ lórí." Ó gbé àga sídìí igi dọ̀ngóyárò, ó ń fi ìka wá ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ń gún un, kò sì dáwọ́ dúró.

Ìlà náà wọ́. Háà, ó wọ́ o! Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ipa ẹsẹ̀ ewúrẹ́.

Èmi ni mo ń mú Bàbá lọ́wọ́ lọ kírun. Lọ́jọ́ kan, a ń lọ kírun alásárì, ó rántí pé òun gbàgbé tẹsubáà. Mo fi í sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, mo sáré padà sílé. Mo bá Ìyá Àgbà tó di bíléèdì mú, ó ń tú gbogbo ohun tí Bàbá ti rán láti àárọ̀.

"Ìyá Àgbà, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ṣé èyí lo máa dé síwájú àwọn àna ẹ? Kí wọ́n máa fi Bàbá Zainu ṣẹ̀sín? Bóyá ọwọ́ rẹ̀ á tọ́ lọ́la."

"Tí kò bá tọ́ ńkọ́?"

"Màá tún tú u."

Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ fún Bàbá, mo dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya tó ti dàgbà tó báyìí. Tí mo bá dákẹ́, Bàbá ń ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Àárín igi àti èèpo ni mo há sí. Mo mú tẹsubáà, mo lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ: Bàbá ń rán, Ìyá Àgbà ń tú, èmi ń mú Bàbá lọ, mo ń mú un bọ̀. Bàbá á bi mí lójú ọ̀nà pé, "Ó kù díẹ̀, àbí?" Màá ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ọjọ́ yìgì ń sún mọ́ tòsí. Fathiah, àfẹ́sọ́nà mi, ti gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá jẹun tán, ó ní, "Ìyá Zainu."

"Mo ń gbọ́ o."

"Ìlà tí mo rán lónìí, jọ̀wọ́, má tú u."

Bàbá fi àtàǹpàkò ra fìlà náà. "Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ bá gún kì í dí. Láti inú oṣù ààwẹ̀ ni ìka mi ti ń kan ihò tí mo gún lánàá. Mo mọ̀ pé àṣírí mi lo fẹ́ bò, ìyẹn ni mo fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n fi ìlà kan sílẹ̀ fún mi."

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Kò tú u. Bàbá ò sì rí ìlà kejì ṣe. Ibà mú un lọ́sẹ̀ yẹn, ibà tí a rò pé kékeré ni. A ra oògùn, a gbé e lọ sílé ìwòsàn, a ṣàdúà. Gbogbo rẹ̀ ò ràn án. Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín.

Málàm Modu wá bá wa kẹ́dùn. Ó ní ká gbé fìlà náà wá kí òun bá ọ̀rẹ́ òun parí rẹ̀. Ìyá Àgbà gbá a mọ́ àyà. "Rárá o." Nígbà tí Málàm lọ tán, Ìyá Àgbà yíjú sí mi: "Jamaldeen, ká ní mo fi í sílẹ̀ ni, fìlà yìí ì bá ti kún. Ọwọ́ ọkọ mi ni mo ń tú dànù yẹn." Mo jókòó tì í, mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Lọ́jọ́ yìgì, mo dé e: fìlà funfun tó kún fún ihò, pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo. Àwọn àna mi ń wo ara wọn. Kí àwọn aáfà tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà dìde láàárín àwọn obìnrin, ó wá bá mi, ó fi ìka tọ ìlà náà yíká orí mi.

"Ó wọ́," ó ní.

"Ó wọ́, Ìyá Àgbà."

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tún un ṣe."