Ìjókòó Àárọ̀ Bàbá Alábẹ́rẹ́

"Bàbá! Bàbá! Màmá mi ti bí ọkùnrin!"

Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni mo ti ń kígbe, ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀. Bàbá ò gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ wọ aṣọ, ó jáde. Ó tún wọ̀, ó tún jáde. Mò ń gbọ́ bí òwú ṣe ń dún ṣìì lára aṣọ funfun tó mu sítáàṣì. Inú bí mi. Àfìgbà tó dé ìdí ìlà tó ń rán ló tó ta kókó sí òwú, tó gé e, tó fi abẹ́rẹ́ gún ìrọ̀rí kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló dìde, ó gbé mi sókè, ó sì ń jó yí àgbàlá ká pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun.

"Alihamdulilahi! Mo ti gbọ́ látìgbà tó o ti kọ́kọ́ pariwo, ìyá mi. Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́."

Àdúgbò Sawaba la wà nígbà yẹn, ní Kumasi nílẹ̀ Gánà, èmi ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Yàrá wa àti tirẹ̀ jọ kọjú síra ni. Ìlọrin làwọn òbí rẹ̀ ti wá, àmọ́ Kumasi ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá. Kì í wo ọnà ẹnikẹ́ni kó tó ṣe tirẹ̀. Inú orí rẹ̀ ló ti ń wá.

Àárọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀ yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó í gbá a. Yóò mu kókó, ògì gbígbóná tí atalẹ̀ inú rẹ̀ máa ń ta sí mi nímú láti òdìkejì àgbàlá, yóò jẹ kòsé méjì, ìyẹn àkàrà tiwọn níbẹ̀, yóò wá fi ọṣẹ fọwọ́ títí òróró yóò fi kúrò. Á pa rédíò. Á kọjú sí ògiri, á kẹ̀yìn sí gbogbo ariwo wa. Títí di ìyálẹ̀ta, ẹnikẹ́ni kì í kí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè jọ máa tàkúrọ̀sọ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ paa.

Ọdún ebi wá dé. Òjò kọ̀, iná jó oko, ọjà ṣófo. Òwú tó ń lò di ohun tí wọ́n ń fẹnu lásán dárúkọ. Mo rò pé Bàbá á sinmi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí òwú rẹ̀ tán, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Kò sí kókó, kò sí kòsé. Omi gbígbóná lásán ló mu. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lórí itan.

Ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá lọ sunkún. Ẹ̀rù ń bà á pé orí ọkọ òun ti ń dàrú. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí ìyálẹ̀ta tó, mo sún mọ́ ọn.

"Bàbá, kí lẹ ń dúró dè?"

"Daabi, rárá o, n ò dúró de nǹkan kan. Bí mo bá fi àárọ̀ kan sílẹ̀, yóò mú òmíràn dání lọ. Lọ́jọ́ tí òwú bá dé, ta ni yóò bá mi wá ara mi?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó mú èédú, ó fa ìlà kan sára ògiri. Lọ́jọ́ kejì ó fa òmíràn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi àkísà tútù nù ún, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dákẹ́ ẹkún, òun náà ń yọjú wò ó. Ìgbà tó yá, Bàbá fi ìsàlẹ̀ ògiri hàn mí, ó ní kí n máa wá ya nǹkan tèmi. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo fà sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà.

"Orí ń fọ́ ẹ?"

"Rárá, sà."

"Inú ń run ẹ?"

"Rárá, sà. Kò kàn wù mí ni."

"Kò wu èmi náà. Jókòó."

Mo jókòó. Mo ya adìyẹ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti àgùnfọn. Ó wò ó, kò rẹ́rìn-ín. "Tó bá dọ̀la, ẹsẹ̀ á kúrú," ló wí.

Òwú padà dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Agbádá ọkọ ìyàwó kan ló kọ́kọ́ rán, ọnà ara ògiri yẹn ló sì wà láyà rẹ̀. Níbi yìgì, àwọn àgbààgbà ń dá ọmọkùnrin náà dúró, wọ́n ń fìka tọ ìlà ara aṣọ náà, wọ́n ń béèrè ẹni tó rán an. Bàbá jókòó sẹ́yìn, ó ń jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Ó ti jáde láyé báyìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ní tèmi, eré orí rédíò ni mò ń kọ. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo fi ìwé kíkọ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, mò ń sọ pé kí ọkàn mi kọ́kọ́ fara balẹ̀. Kò fara balẹ̀. Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dìde, mo nu tábìlì, mo pa fóònù, mo jókòó. Nǹkan kan ò wá. Nígbà tí àkókò tí mo dá fúnra mi pé, mo dìde. Lọ́jọ́ kejì mo tún jókòó, lọ́jọ́ kẹta náà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde: orúkọ ọkọ mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹkún bò mí lójú, àmọ́ n kò dìde.